Ìbẹ́pẹ, máńgòrò àti àjàrà fún ajá àti ológbò

Ẹ ní ajá yín wọn kílò 10, ẹ sì fẹ́ máa fún òun àti ológbò yín ní ìbẹ́pẹ, máńgòrò àti àjàrà nítorí antioxidant inú wọn, ìyẹn èròjà tó ń dènà ìpalára nínú ara. Ajá lè jẹ ìbẹ́pẹ àti máńgòrò. Àjàrà ni kí ẹ má dán wò, ẹ jọ̀ọ́.

Tútù ni o, gbígbẹ ni o, àjàrà máa ń ba kíndìnrín ajá jẹ́. Kò sí ìwọ̀n tí èèyàn lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí: òmíràn á jẹ ẹ́ láìṣe nǹkan kan, díẹ̀ péré sì lè gbé òmíràn dè. Gbígbẹ ló burú jù, torí omi ti lọ, oró ló kù. Inú kéèkì ló sábà máa ń wà, ẹ ṣọ́ra nígbà Kérésì. Bí ajá bá ti jẹ ẹ́, ẹ gbé e lọ bá dókítà ẹran ọ̀sìn lójú ẹsẹ̀ kí wọ́n lè mú un bì. Ó máa ń wúlò jù kí wákàtí 2 tó pé. Ẹ má rọ epo pupa sí i lẹ́nu o! Epo kì í pa oró yìí, ó sì lè ṣì wọ ẹ̀dọ̀fóró.

Ìbẹ́pẹ tó pọ́n dáadáa ni kí ẹ lò. Ẹ bó o, ẹ ha kóró kúrò, ẹ gé e wẹ́wẹ́. Ṣíbí ìjẹun 1 ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Bí ìgbẹ́ ajá kò bá ṣàn lọ́jọ́ kejì, ó lè di 2, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Máńgòrò ní ṣúgà jù ú lọ, ẹ fi mọ sí ìdajì. Kóró máńgòrò àti ti agbálùmọ̀, ẹ má jù ú sílẹ̀ níbi tí ajá wà: bó bá gbé e mì, ó lè dí ìfun, iṣẹ́ abẹ nìyẹn.

Ológbò ní tiẹ̀ kò nílò èso. Ahọ́n rẹ̀ kì í mọ adùn ṣúgà, ara rẹ̀ kò sì lè sọ àwọ̀ pupa inú ìbẹ́pẹ di fítámì A bíi ti ajá. Fítámì C sì rèé, ẹ̀dọ̀ àwọn méjèèjì ló ń ṣe é fúnra rẹ̀. Ẹran àti ẹja ni kí ẹ fún un.

Bó bá jẹ́ antioxidant ló ká yín lára, àlùbọ́sà inú àjẹkù ọbẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ mú kúrò. Ìpalára tí antioxidant ń dènà gan-an ni àlùbọ́sà ń ṣe fún ẹ̀jẹ̀ pupa wọn, ti ológbò sì yá ju ti ajá. Sísè kì í pa á. Ẹ yọ ẹran tiwọn sọ́tọ̀ kí àlùbọ́sà tó wọ ìkòkò.