Wọ́n fún mi níṣẹ́ ní Rayong: ṣé kí n fi físà àlejò lọ?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹnjinníà ẹ̀rọ ni mí, Ṣàgámù ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Iléeṣẹ́ kan tó ń ṣe ẹ̀yà ara mọ́tò fún mi níṣẹ́ ní Rayong, ní orílẹ̀-èdè Táílàǹdì, nínú agbègbè okòwò tí wọ́n ń pè ní EEC. Àgẹ́ǹtì ní kí n fi físà àlejò máa bọ̀, pé tí mo bá débẹ̀ wọn yóò bá mi pààrọ̀ rẹ̀. Ìyàwó mi fẹ́ tẹ̀ lé mi. Irun dídì niṣẹ́ tiẹ̀. Kí lẹ rí sí i?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, inú mi dùn pé o béèrè kó o tó sanwó ọkọ̀. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe lójoojúmọ́ ni pé mò ń bá àwọn àjèjì tó ń wá ṣiṣẹ́ lágbègbè yìí to ìwé wọn. Má fi físà àlejò wá.

Ibi gidi ni EEC. Ìpínlẹ̀ mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀: Chachoengsao, Chonburi àti Rayong. Ọdún 2018 ni wọ́n ṣe òfin rẹ̀. Èbúté Laem Chabang wà níbẹ̀, àwọn iléeṣẹ́ epo àti kẹ́míkà wà ní Map Ta Phut, iléeṣẹ́ mọ́tò sì pọ̀ lọ jàra. Ẹnjinníà tó mọṣẹ́ ń jẹun níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí àgẹ́ǹtì yẹn sọ ló ń kọ mí lóminú.

Iléeṣẹ́ tó fẹ́ gbà ọ́ ló máa kọ́kọ́ kó ìwé síwájú ìjọba Táílàǹdì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi lẹ́tà àti ìwé iléeṣẹ́ wọn ránṣẹ́ sí ọ, tí ìwọ náà á fi wọ́n, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí yunifásítì rẹ, béèrè físà Non-Immigrant B, ìyẹn físà òṣìṣẹ́, lọ́dọ̀ ẹ́ńbásì Táílàǹdì tó wà l'Ábújà. Káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ (yellow fever) ṣe pàtàkì fún ọmọ Nàìjíríà, má gbàgbé rẹ̀. Físà yẹn sábà máa ń fún èèyàn ní 90 ọjọ́. Láàárín ìgbà náà ni wọ́n á gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ fún ọ, tí ìmígíréṣọ̀n á wá sún ọjọ́ rẹ sí ọdún kan. Físà ló ń ṣílẹ̀kùn. Ìwé àṣẹ iṣẹ́ ló ń jẹ́ kó o fọwọ́ kan sípánà.

Lóòótọ́, àwọn kan máa ń pààrọ̀ físà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti wọ̀lú. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni pé wọ́n á ní kó o máa ṣiṣẹ́ ná, ìwé ń bọ̀. Tí ọwọ́ bá tẹ̀ ọ́, ìtanràn rẹ̀ jẹ́ láti 5,000 sí 50,000 baht, owó Táílàǹdì, wọ́n á dá ọ padà sílé, o ò sì ní lè gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ fún ọdún méjì.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù wá nìyí. Ṣí máàpù lórí fóònù rẹ. Wo Rayong: etí òkun ló wà, ní gúúsù ìlà-oòrùn Bangkok, nǹkan bíi wákàtí méjì sí pápákọ̀ òfuurufú Suvarnabhumi. Wá wo Mae Sot, ní ìwọ̀-oòrùn, níbi tí odò Moei ti pààlà Táílàǹdì àti Myanmar. Òdìkejì odò náà ni Myawaddy, níbi tí wọ́n ti ń ti àwọn èèyàn mọ́lé, tí wọ́n ń fipá mú wọn lu jìbìtì lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ wọn ló rò pé iṣẹ́ ní Táílàǹdì ni àwọn ń bọ̀ wá ṣe. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú wọn sílẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2025, àwọn ọmọ Áfíríkà pọ̀ nínú wọn. Tí awakọ̀ tó wá gbé ọ bá dárúkọ Mae Sot, má wọ ọkọ̀ rẹ̀. Padà sínú pápákọ̀, kó o lọ bá ọlọ́pàá. Ẹnikẹ́ni tó bá sì ní kó o kó páṣípọ́ọ̀tù rẹ fún òun tọ́jú, má fún un. Ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin wọn kí agbanisíṣẹ́ gba ìwé àjèjì pa mọ́.

Tó o bá ti ríṣẹ́, máa ka ọjọ́ rẹ. Gbogbo 90 ọjọ́ ni wàá máa fi àdírẹ́sì rẹ tó ìmígíréṣọ̀n létí. Onílé rẹ náà gbọ́dọ̀ fi orúkọ rẹ sílẹ̀ láàárín wákàtí 24 tó o bá kó wọlé. Bi í léèrè kó o tó sanwó ilé.

Ọ̀kan nínú àwọn tí mo bá to ìwé, bàbá rẹ̀ kú. Alẹ́ ọjọ́ náà ló ti wà ní pápákọ̀, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó sìnkú, ó padà dé, ó na páṣípọ́ọ̀tù sí ọ̀gá ìmígíréṣọ̀n. Onítọ̀hún ṣí i síwájú, ó ṣí i sẹ́yìn, ó ń wá òǹtẹ̀ kan tí kò sí níbẹ̀. Ìwé àṣẹ ìpadàwọlé ni, èyí tí wọ́n máa ń gbà kí wọ́n tó jáde: 1,000 baht fún ẹ̀ẹ̀kan, 3,800 fún àlọ àti àbọ̀ tí kò níye. Nítorí pé kò gbà á, ọdún kan tí wọ́n fún un ti dòfo lọ́jọ́ tó jáde. Láti orí físà ló ti tún bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀fọ̀ bàbá lọ́rùn. Gba èyí tí kò níye lóṣù tí wọ́n bá fún ọ lọ́dún kan, kó o fi í sílẹ̀ nínú páṣípọ́ọ̀tù rẹ. Àwọn òbí wa wà nílé, a ò mọ ọjọ́.

Ní ti ìyàwó rẹ, ó lè bá ọ wá gẹ́gẹ́ bí aya òṣìṣẹ́, ṣùgbọ́n físà yẹn kò fún un láyè iṣẹ́. Irun ṣíṣe sì wà lára iṣẹ́ tí òfin yà sọ́tọ̀ fún ọmọ Táílàǹdì nìkan, bíi kíkiri ọjà àti wíwa ọkọ̀. Kódà tó bá dirun fún ọ̀rẹ́ ní pálọ̀ tó sì gbowó, ó ti rú òfin. Ẹ jọ jókòó ṣírò owó oṣù rẹ nìkan, kẹ́ ẹ rí i bóyá á gbé ẹ̀yin méjèèjì. Ìwé ìgbéyàwó ìjọba ni wọ́n máa béèrè, fọ́tò ìdána kò tó. Tí ẹ kò bá tíì ṣe ti ìjọba, ẹ tètè lọ ṣe é, torí ìwé náà máa gba iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ti Nàìjíríà kọjá kó tó dé ẹ́ńbásì.