Mo tẹ 0.0.0.0 sórí fóònù, kò ṣí: kí ni òdo ń sọ nínú kọ̀ǹpútà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Mo ń kọ́ Python, èdè tí a fi ń kọ prógíráàmù, mo sì kọ prógíráàmù kékeré kan tí màmá mi fi ń kọ ọjà tí wọ́n bá tà ní ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀. Nígbà tí mo tan án lórí láàpútọ́ọ̀pù mi, ó kọ 0.0.0.0:8000. Mo tẹ ohun kan náà sórí fóònù màmá mi, kò ṣí. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n yọ ọ́ kúrò, pé ó léwu. Tí prógíráàmù náà bá parí iṣẹ́ dáadáa, 0 ló ń dá padà, bẹ́ẹ̀ wọ́n kọ́ wa pé nínú Python, 0 dúró fún irọ́ (False). Nọ́ńbà fóònù àwọn oníbàárà ti sọ 0 iwájú wọn nù. Lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni kò ra nǹkan, gbogbo rẹ̀ dákú. Ṣé òdo kan náà ni gbogbo èyí?

Ìdáhùn: O káre, àbúrò mi. Inú mi dùn pé ìyá rẹ ló kọ́kọ́ jàǹfààní ohun tí ò ń kọ́.

Àmì kan náà ni, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ó ń dáhùn yàtọ̀ níbì kọ̀ọ̀kan. Bí mo bá bi ọ́ pé èló ló kù lọ́wọ́ rẹ, tí o ní òdo, àánú rẹ á ṣe mí. Bí mo bá bi ọ́ pé ibi mélòó lo ti kùnà nínú ìdánwò, tí o tún ní òdo, ayọ̀ dé nìyẹn. Níbikíbi tí o bá ti rí òdo nínú iṣẹ́ yìí, wá ìbéèrè rẹ̀ ná.

Èyí tó léwu ni kí á kọ́kọ́ yanjú. Àdírẹ́ẹ̀sì láàpútọ́ọ̀pù rẹ ju ẹyọ kan lọ. 127.0.0.1 wà, èyí tí ó fi ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, tí ará ìta kò lè gbà wọlé. Èyí tí ráútà, ẹ̀rọ tó ń pín Wi-Fi, fún un tún wà, ká ní 192.168.1.5. Bí o bá ki wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì bọ̀ ọ́, ó tún lè gba òmíràn. Sáfà rẹ, ìyẹn prógíráàmù tó ń dá fóònù lóhùn, ní láti mọ ẹnu ọ̀nà tí yóò ti máa retí àlejò. Tí o bá kọ 0.0.0.0 fún un, ohun tí o sọ ni pé, “Mi ò yan ọ̀kan. Èyíkéyìí tí wọ́n bá kàn, dá wọn lóhùn.” Àṣẹ fún ẹni tó ń ṣọ́nà ni. Kì í ṣe ibi tí àlejò ń lọ. Fóònù màmá rẹ kò lè ti inú rẹ̀ mọ̀ pé láàpútọ́ọ̀pù rẹ lò ń wí.

Fi 0.0.0.0 sílẹ̀ nínú kóòdù rẹ. Tẹ ipconfig bí Windows lò ń lò, tàbí ip addr bí ó bá jẹ́ Linux, kí o rí nọ́ńbà tí Wi-Fi fún ẹ̀rọ rẹ. Nọ́ńbà yẹn ni kí o tẹ sórí fóònù, kí o fi :8000 tì í (nọ́ńbà ilẹ̀kùn tí prógíráàmù rẹ ń lò), kí ẹ̀rọ méjèèjì sì wà lórí Wi-Fi kan náà. Bí kò bá tíì ṣí, ó ṣeé ṣe kí ààbò orí láàpútọ́ọ̀pù náà máa dí i lọ́wọ́.

Ọ̀rẹ́ rẹ kò parọ́ o. Ní ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó bá wà lórí Wi-Fi yín nìkan ló lè dé ibẹ̀. Gbé kóòdù kan náà lọ sórí ẹ̀rọ sáfà tí o háyà, tó ní àdírẹ́ẹ̀sì gbangba, gbogbo ayé ló lè wá kan ilẹ̀kùn. Dátábéèsì, ibi tí prógíráàmù ń kó àkọsílẹ̀ pamọ́ sí, ní pàtàkì, 127.0.0.1 ni kí o fi í sí bí òun àti prógíráàmù rẹ bá jọ wà lórí ẹ̀rọ kan. Má ṣe fi èyí falẹ̀ rárá.

Wàá tún pàdé 0.0.0.0/0 nínú ètò ráútà. Ìbéèrè òdo ìkẹyìn yẹn ni pé, bíìtì mélòó (àwọn 0 àti 1 tí ẹ̀rọ fi ń kọ àdírẹ́ẹ̀sì) ló gbọ́dọ̀ bára mu kí ọ̀nà yìí tó bá àdírẹ́ẹ̀sì kan mu? Òdo. Nítorí náà gbogbo àdírẹ́ẹ̀sì ló bá a mu, òun sì ni ráútà ń gbà nígbà tí kò bá sí ọ̀nà mìíràn tó ṣe pàtó jù ú lọ.

Ti 0 tó ń jáde níparí: ohun tí ẹ̀rọ ń bi prógíráàmù ni pé, “Kí ló bàjẹ́?” Òdo ni pé kò sí. Ọ̀nà tí iṣẹ́ ń gbà yọrí kò ju ọ̀kan lọ, ọ̀nà tó ń gbà bàjẹ́ pọ̀, ni wọ́n ṣe fi 1 títí dé 255 sílẹ̀ fún ìkùnà lórí Linux. 127 ni pé ẹ̀rọ kò rí àṣẹ tí o pè. 130 ni pé ẹnìkan fi Ctrl-C dá a dúró. Nínú Python fúnra rẹ̀, “ṣé nǹkan wà níbẹ̀?” ni ìbéèrè, òdo sì fèsì pé rárá. Ìdí tó fi dúró fún irọ́ nìyẹn.

O kò béèrè èyí, ṣùgbọ́n yóò kàn ọ́ láìpẹ́: ohun àkọ́kọ́ nínú lísìtì, 0 ni nọ́ńbà rẹ̀. Ọmọ tí a bí lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Mọ́ńdè kejì la ń sọ ọ́ lórúkọ, a sì ń pè é ní ọjọ́ kẹjọ, torí ọjọ́ ìbí gan-an la kà sí ọ̀kan. Python yóò pe ọjọ́ ìbí ní 0, yóò pe ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ní 7. Ọjọ́ kan náà ni. Àwa ń ka ọjọ́, òun ń wọn bí nǹkan ṣe jìnnà sí ìbẹ̀rẹ̀. Èdè R àti Lua ń kà bíi tiwa, láti 1.

Nọ́ńbà fóònù, o ti fi int() sọ ọ́ di iye. Nínú iye, òdo iwájú kò fi nǹkan kan kún un, ẹ̀rọ á sì gé e dànù. Ẹnikẹ́ni kì í ro nọ́ńbà fóònù pọ̀, kì í sì í yọ ọ́ kúrò lára òmíràn, nítorí náà ọ̀rọ̀ ni, kì í ṣe iye. Str, irú tí Python ń lò fún ọ̀rọ̀, ni kí o fi pa á mọ́. Ti àwọn tó ti bàjẹ́: èyí tó bá ṣẹ́ ku dígíìtì 10, dá 0 padà síwájú rẹ̀, èyí tó bá jẹ́ 13, tó fi 234 bẹ̀rẹ̀, àmì + nìkan ló sọ nù.

Ó ku ọjọ́ tí ọjà kò tà. Mo fura pé o ń pín owó tó wọlé sí iye oníbàárà, kí o lè mọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ná. 12 pín sí 3 jẹ́ 4 torí pé 4 lọ́nà 3 jẹ́ 12. Kò sí nọ́ńbà tí a lè sọ di púpọ̀ lọ́nà òdo kó di 12. Tìrẹ tún jẹ́ òdo pín sí òdo, ibẹ̀ sì ni gbogbo nọ́ńbà ti bá a mu, a kò lè mú ọ̀kan. Brahmagupta ará Íńdíà, tó kọ òfin òdo sílẹ̀ ní ọdún 628, ní òdo ni ìdáhùn rẹ̀, àwọn onímọ̀ ìṣirò kò gbà á mọ́. Python kò dédé dákú, ó kọ̀ láti parọ́ fún ọ ni.

Yẹ iye oníbàárà wò kí o tó pín. Bí ó bá jẹ́ òdo, má ṣe kọ “náírà 0” síbẹ̀, torí ẹni tó bá kà á yóò rò pé àwọn èèyàn wá tí wọn kò sanwó. Kọ “ọjà kò tà lónìí”, màmá rẹ á mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.