Ìgò Méjì Lórí Tábìlì Kan: Mọ̀mí Dáhùn Ìbéèrè Yín Lórí Wáìnì

Ókun o, ẹ̀yin èèyàn mi ní Kàbà, Ìjùmú, Yàgbà, Bùnú àti Ọ̀wọ̀rọ̀. Lóṣù tó kọjá ni mo sọ níbí pé ẹgbẹ́ wa ní Kàbà máa ń pàdé láti tọ́ wáìnì pupa àti funfun wò, kí a lè mọ bí ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe ń sọ̀rọ̀ nínú ìgò. Láti ìgbà náà ni lẹ́tà ti ń rọ́ wọlé. Mo mú mẹ́rin nínú wọn.

*Mọ̀mí, ẹ kú iṣẹ́. Olùkọ́ ni mí ní Ìyàrá. Èmi àti àwọn tí a jọ ń kọ́ni dáwó jọ, a ra wáìnì pupa méjì, ọ̀kan láti Bordeaux, ọ̀kan láti Stellenbosch. A mu ti Faransé tán kí a tó ṣí ti Gúúsù Áfíríkà. Àwọn kan ní ti Faransé ló dára jù, torí òun ló wọ́n jù. Lẹ́nu tèmi, ńṣe ló korò, ó sì fún ẹnu mi pọ̀. Ọ̀rọ̀ náà fẹ́ẹ̀ di ìjà. Ta ló jàre?*

Ọmọ mi, ohun tí ẹ ṣe kò tíì di ìfiwéra. Ìgò kan lẹ mu tán, ẹ wá mu òmíràn lé e. Kí ẹ tó dé orí èkejì, ahọ́n ti sú, oúnjẹ ti dá sí ọ̀rọ̀ náà, owó tí ẹ san sì ti ń sọ tiẹ̀ sí yín létí. Kí méjèèjì wà níwájú yín lẹ́ẹ̀kan náà, nínú gíláàsì tó jọra, kí wọ́n tutù dọ́gba, kí ẹni tó ń tọ́ wọn wò má sì mọ èyí tó jẹ́ èwo. Ibẹ̀ ni ìfiwéra ti bẹ̀rẹ̀.

Báyìí la ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ wa. Nọ́ọ̀sì kan wà nínú ẹgbẹ́ wa tí kì í mutí rárá. Òun ló máa ń ṣí ìgò nínú yàrá kejì. Á fi ìwé ìròyìn wé ìgò kọ̀ọ̀kan láti ìdí dé ọrùn, á fi rọ́bà dè é, á kọ A sára ọ̀kan, B sára èkejì. Ìwọ̀n ìka méjì ló máa ń dà sínú gíláàsì, kì í jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí gíláàsì tó bá kún kò ní àyè tí òórùn lè kó jọ sí. A ó gbé gíláàsì sórí ìwé funfun, a ó tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, a ó wo etí wáìnì náà. Etí wáìnì pupa tí kò tíì pẹ́ máa ń ní àwọ̀ àlùkò, ti èyí tó ti dàgbà á sì ti máa di pupa rúsúrúsú. Lẹ́yìn náà a ó gbóòórùn rẹ̀, a ó jù ú yíká nínú gíláàsì, a ó tún gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì kí a tó fi kan ahọ́n. A ó yí i káàkiri ẹnu, a ó sì tu ú sínú abọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, a máa ń tu ú. Ẹni tó bá gbé gbogbo rẹ̀ mì kò ní lè sọ òótọ́ nípa ìgò kẹrin.

Kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu, kálukú á ti kọ ohun tó rí sílẹ̀, nọ́ọ̀sì á sì gba ìwé. Òfin yìí ni mo dì mú jù. Mo ti rí i léraléra pé tí ẹnì kan bá kọ́kọ́ sọ pé òun ń gbóòórùn àgbálùmọ̀, gbogbo ilé ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í gbóòórùn àgbálùmọ̀.

Ooru ni nǹkan kejì. Àwọn òyìnbó máa ń ní kí a mu wáìnì pupa bí afẹ́fẹ́ inú ilé bá ṣe rí. Ilé tiwọn ni wọ́n ń sọ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, pálọ̀ wa níbí máa ń gbóná kọjá 30°C lọ́sàn-án, bẹ́ẹ̀ wáìnì pupa tó lágbára ń fẹ́ 16 sí 18°C. Tó bá gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọtí inú rẹ̀ á máa ta sí imú, òórùn èso á sá lọ, kíkorò rẹ̀ á sì yọrí. Ẹ fi ìgò náà sínú fíríìjì títí yóò fi tutù dé ìwọ̀n yẹn. Tí kò bá síná, ẹ bu omi sí korobá, ẹ da áìsì sí i, ẹ ki ìgò bọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ má fi omi dù ú o, torí omi ló ń fọwọ́ kan ara ìgò yíká. Áìsì nìkan kì í ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Wáìnì funfun ń fẹ́ kí ó tutù jù ìyẹn lọ, 8 sí 12°C.

Ní ti pé ó fún ẹnu rẹ pọ̀, òótọ́ lo sọ. Lára èèpo àti kóró àjàrà ló ti wá. Wáìnì pupa máa ń wà pẹ̀lú èèpo rẹ̀ nígbà tó bá ń hó, ìyẹn nígbà tí ìwúkàrà ń sọ adùn rẹ̀ di ọtí, kì í ṣe lórí iná. Ibẹ̀ ló ti ń rí àwọ̀, ibẹ̀ náà ló ti ń rí èròjà tí wọ́n ń pè ní tánìn. Ti wáìnì funfun yàtọ̀: wọ́n á ti fún omi rẹ̀ kúrò lára èèpo kó tó hó, ìdí nìyẹn tí kì í fi í fún èèyàn lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ Ìjùmú tó bá ti já kajú tí kò pọ́n jẹ lóko rí ti bá tánìn pàdé.

Bordeaux wà ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Faransé, níbi tí odò Garonne àti odò Dordogne ti pàdé tí wọ́n sì di Gironde, gẹ́gẹ́ bí Ọya àti Bẹ́núé ṣe pàdé ní Lọ́kọ́ja. Ní apá òsì odò, òkúta wẹ́wẹ́ ló pọ̀ nínú ilẹ̀, Cabernet Sauvignon ló sì pọ̀ jù lóko wọn: irú àjàrà kan tí èso rẹ̀ kéré, tí èèpo rẹ̀ nípọn, tí tánìn rẹ̀ pọ̀. Ní apá ọ̀tún, ní agbègbè Saint-Émilion àti Pomerol, amọ̀ pọ̀ nínú ilẹ̀, irú àjàrà tí wọ́n ń pè ní Merlot ló borí, ó sì rọ̀ jù lẹ́nu. Nítorí náà, kí èèyàn wulẹ̀ sọ pé "Bordeaux" kò tó. Ẹ ka ara ìgò, kí ẹ mọ apá ibi tó ti wá. Stellenbosch ní tirẹ̀ kò jìnnà sí Cape Town. Oòrùn ń mú níbẹ̀, ṣùgbọ́n atẹ́gùn òkun ń fẹ́ wá láti False Bay. Wọ́n ń gbin Cabernet Sauvignon níbẹ̀ náà, àmọ́ ó máa ń pọ́n dénú, adùn èso á sì yọ síta ju ti Bordeaux lọ. Tó bá jẹ́ Pinotage lẹ rà, irú àjàrà mìíràn pátápátá nìyẹn. Ní Stellenbosch ni Abraham Perold, onímọ̀ nípa àjàrà, ti mú irú àjàrà méjì, Pinot Noir àti Cinsaut, pọ̀ lọ́dún 1925 tó fi di Pinotage.

Ta ló wá jàre? Ìwọ tí o ní ó fún ẹnu rẹ pọ̀, ohun tó wà nínú gíláàsì lo sọ. Àwọn tó ní ó dára torí pé ó wọ́n, owó ni wọ́n tọ́ wò. Lọ́jọ́ 24 oṣù Karùn-ún ọdún 1976, Steven Spurrier, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ta wáìnì ní Paris, kó àwọn onídàájọ́ Faransé jọ, ó bo orúkọ mọ́lẹ̀, ó sì gbé wáìnì Faransé àti ti California ní Amẹ́ríkà síwájú wọn pọ̀. Nígbà tí wọ́n ka máàkì tán, Stag's Leap Wine Cellars ti 1973 ló gbapò kìíní nínú pupa, Chateau Montelena ti 1973 ló gbà á nínú funfun. California ni méjèèjì. Àwọn tó dájọ́ yẹn, wáìnì ni iṣẹ́ wọn láti ọdún pípẹ́, ìgò ilẹ̀ wọn kọ́ ni wọ́n sì yàn nígbà tí wọn ò rí orúkọ.

Nígbà mìíràn, ẹ ra wáìnì tí wọ́n fi irú àjàrà kan náà ṣe láti ibi méjì, kí iye owó wọn sún mọ́ra. Funfun ni mo fẹ́ kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀: Chenin Blanc láti àfonífojì odò Loire ní Faransé, àti Chenin Blanc láti Gúúsù Áfíríkà, níbi tí wọ́n ti ń gbìn ín ju irú àjàrà wáìnì èyíkéyìí lọ. Kò sí tánìn púpọ̀ tí yóò dí yín lójú. Kíkan rẹ̀ àti adùn rẹ̀ lẹ máa gbọ́ kedere, ẹ ó sì mọ ohun tí ilẹ̀ ṣe.

*Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ilé. Wọ́n ń bọ̀ wá mọ wá nílé nítorí ọmọ mi obìnrin, ní Ẹ̀gbẹ̀. Iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ni mo fẹ́ sè, pẹ̀lú ẹran ìgbẹ́. Àwọn àna wa fẹ́ràn wáìnì. Ọmọ mi tó wà ní Àbújá ní pupa ni ti ẹran, funfun ni ti ẹja. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?*

Ẹ kú oríire, àbúrò mi. Kí ìdílé méjèèjì mọra dénú.

Ohun tí ọmọ yín sọ dára fún ọbẹ̀ tí kò lata. Nínú ọbẹ̀ tiwa, ata ni ọ̀gá, kì í ṣe ẹran. Ata máa ń jẹ́ kí ọtí dà bíi pé ó ń jó lẹ́nu, ó sì ń jẹ́ kí tánìn le sí i. Tí ẹ bá gbé pupa tó ní ọtí 14.5 nínú ọgọ́rùn-ún síwájú àna lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gúsí tó ta, omi ni wọ́n máa béèrè. Funfun ni kí ẹ rà, Chenin Blanc tó dùn díẹ̀, tí ọtí rẹ̀ kò ju 12 lọ, kí ó tutù dáadáa. Dídùn rẹ̀ á pẹ̀tù sí ata, kíkan rẹ̀ á sì gé òróró ẹ̀gúsí kúrò lẹ́nu, kí òkèlè tó tẹ̀lé e lè dùn bí èyí àkọ́kọ́.

Fún àwọn àgbà tí kò ní gbà pé wáìnì funfun jẹ́ wáìnì, ẹ wá wáìnì tí wọ́n ń pè ní Malbec láti Mendoza ní Argentina. Ó pupa, ó kún ẹnu, ṣùgbọ́n ó máa ń rọ̀ ju Cabernet lọ. Ẹ bu ẹran díẹ̀ sọ́tọ̀ fún wọn, kí ata rẹ̀ má pọ̀.

*Mọ̀mí, mo ń ta ọtí ní Ìsánlú. Oníbàárà kan dá wáìnì pupa padà, ó ní ó ti bàjẹ́. Mo wò ó, kọ́ọ̀kì rẹ̀ ti yọ orí síta díẹ̀. Ṣé kí n dá owó rẹ̀ padà? Ẹ jọ̀wọ́, ṣé èyí tí wọ́n ń yí ìdérí rẹ̀ kì í ṣe ayédèrú?*

Ẹ dá owó rẹ̀ padà. Kọ́ọ̀kì tó bá yọ orí síta, ooru ló sábà máa ń tì í. Wáìnì inú rẹ̀ ti wú nínú ooru, afẹ́fẹ́ sì ti ráàyè wọlé. Ẹ bù ú sí gíláàsì, ẹ ó rí i pé òórùn èso tí wọ́n sè ló ń mú wá. Abẹ́ páànù lọ́sàn-án kì í ṣe ibi tí wáìnì ń gbé. Ẹ kó o sí yàrá tó tutù jù nínú ilé, nílẹ̀ẹ́lẹ̀, jìnnà sí fèrèsé, kí ẹ sì fi ìgò oníkọ́ọ̀kì dùbúlẹ̀ kí kọ́ọ̀kì má baà gbẹ. Tó bá jẹ́ òórùn páálí tí omi rin ló ń mú wá, kọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀ ló ba ìyẹn jẹ́, ẹ̀bi yín kọ́.

Ìdérí yíyí kì í ṣe àmì ayédèrú. New Zealand ń fi í dé wáìnì wọn tó dára.

*Ìyá oníwèé-ìròyìn, ẹ kú làálàá. Àgbàlagbà ni mí ní Ògìdì. Kí ló dé tí ẹ fi ń yin wáìnì àwọn òyìnbó, tí ẹmu àti ògùrọ̀ wà nílẹ̀ yìí? Ṣé tiwa kò yẹ fún ìfiwéra ni?*

Bàbá, ẹ kú àgbà. Ó yẹ gan-an, a sì ti ṣe é.

Ẹmu láti ara ọ̀pẹ àti ògùrọ̀ láti ara igi ògùrọ̀ tó ń hù létí omi jìnnà síra ju pupa àti funfun lọ. Ohun tó mú kí ó ṣòro láti fi wọ́n wéra ni pé wọn kì í dúró dèèyàn. Wáìnì ń bọ̀ láti Faransé tòun ti ìgò rẹ̀, ó lè lo ọdún púpọ̀. Ẹmu ti bẹ̀rẹ̀ sí í hó látorí ọ̀pẹ, torí ìwúkàrà wà nínú afẹ́fẹ́ àti nínú agbè tí wọ́n fi gbà á. Ó dùn láàárọ̀, ó le lálẹ́, ó kan lọ́jọ́ kejì. Tí ẹ bá gbé ti aago mẹ́fà síwájú mi pẹ̀lú ti aago mẹ́wàá, aago ni mò ń tọ́ wò, kì í ṣe ìlú.

Nítorí náà la ṣe bẹ àwọn tó ń dá ẹmu fún wa, ọ̀kan ní Kàbà, ọ̀kan ní apá Gbẹ̀dẹ, pé kí wọ́n gbé e sọ̀ kalẹ̀ ní wákàtí kan náà, kí ẹnikẹ́ni má da omi sí i. Nọ́ọ̀sì wa bu wọ́n sínú ife funfun láìsọ orúkọ. Ìfóòfó ti Kàbà funfun, ó fẹ́lẹ́, ó sì pẹ́ kó tó wálẹ̀. Dídùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ kan ahọ́n. Ti Gbẹ̀dẹ ní òórùn èéfín díẹ̀, kíkan rẹ̀ yá, ó sì mọ́ lẹ́nu lẹ́yìn tí a tu ú. Èyí tó pọ̀ jù nínú wa yan ti Gbẹ̀dẹ. Nígbà tí a béèrè, ẹni tó gbé e wá ní òun máa ń yan agbè òun lórí iná kí òun tó gbé e gun ọ̀pẹ.

A kò tíì rí ògùrọ̀ tó tuntun tó. Bàbá, tí ẹ bá lè bá wa bẹ ẹni tó ń dá a lọ́dọ̀ yín, kí ó kọ wákàtí tó gbé e sọ̀ sára ìdè agbè, kí ọlọ́kadà kan sì gbé e dé Kàbà kí aago mẹ́jọ àárọ̀ tó lù, àwa la máa sanwó ọ̀kadà. Màá fi í síwájú ẹgbẹ́ wa pẹ̀lú ẹmu ọjọ́ náà, màá sì kọ ohun tí kálukú sọ síbí lóṣù tó ń bọ̀.