Èsì: Cappuccino, latte, àti ẹni tí kì í mu mílíìkì

Ẹ kú ìmúra o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní ẹ fẹ́ fi kọfí kún ọjà yín ní Òkè-Ìlẹ̀wọ́, pé kí ló ya cappuccino sọ́tọ̀ sí latte, kí sì ni kí ẹ fún ẹni tí kì í mu mílíìkì.

Espresso ló wà nídìí gbogbo wọn. Ẹ̀rọ máa ń fi agbára ti omi gbígbóná gba inú kọfí tí a lọ̀ kúnná, fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 25 sí 30. Èyí tó máa jáde kò ju nǹkan bíi mílílítà 30 lọ, ó sì máa ń korò bí omi ewúro.

Cappuccino kì í pọ̀, ìfófó mílíìkì máa ń ki lórí rẹ̀, ẹ ṣì máa tọ́ kọfí wò dáadáa. Ti latte, mílíìkì ló pọ̀ jù, ìfófó rẹ̀ sì fẹ́lẹ́. Èmi ò fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ ẹni tí Bournvita ti mọ́ lára, òun ló máa kọ́kọ́ bèèrè. Ẹ fi ṣokoléètì sí i, ó di mocha.

Ẹni tí kò fẹ́ mílíìkì, ẹ bomi gbígbóná la espresso fún un: Americano nìyẹn. Nínú oòrùn Abẹ́òkúta yìí, omi tútù àti yìnyín ni màá lò.

Ẹ̀rọ espresso ń jẹ iná gan-an o! Kékeré wọn pàápàá sábà máa ń ju wáàtì 1,000 lọ, jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ń po ọ́ìlì mọ́ pẹtiróòlù kò ní gbé e. Ẹ lè kọ́kọ́ ra moka, ìkòkò kékeré àwọn ará Ítálì tí wọ́n ń gbé ka gáàsì. Kì í ṣe espresso gan-an, ṣùgbọ́n ó le tó.