Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Káàdì Ohùn Wo Ló Yẹ Kọ̀ǹpútà DOS Àtijọ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Iléṣà ni mo ń gbé. Mo ra kọ̀ǹpútà Pentium kan lọ́wọ́ àwọn tó ń palẹ̀ ọ́fíìsì mọ́, mo sì fẹ́ máa fi gbá géèmù DOS, ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà tó wà ṣáájú Windows. Kò ní káàdì ohùn. Oníṣòwò kan fi méjì hàn mí, Sound Blaster 16 tó ti gbó àti Sound Blaster Live!, ó ní Live! ló dára jù. Èwo ni kí n mú?

Ìdáhùn: Sound Blaster 16 ni kí ẹ mú. Ọ̀rọ̀ oníṣòwò yẹn lè jẹ́ òtítọ́ lórí Windows, ṣùgbọ́n nínú DOS, géèmù kọ̀ọ̀kan ló ń bá káàdì sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, láìsí alárinà, ní àdírẹ́sì tí ó sábà máa ń jẹ́ 220. Nítorí náà, káàdì tí géèmù kò mọ̀, odi ni lójú rẹ̀, bó ti wù kí ó dára tó. Ihò káàdì tí wọ́n ń pè ní PCI ni Live! ń wọ̀, ètò kan sì gbọ́dọ̀ máa jẹ nínú mẹ́mọ́rì yín kí ó tó lè ṣe bíi Sound Blaster àtijọ́. Ihò ISA, dúdú gígùn, ni ti 16. Kí ẹ tó sanwó, ẹ tú kọ̀ǹpútà yín wò bóyá ó ní in.

Orin gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. AdLib, káàdì ohùn kan tó jáde ní 1987, lo ṣíìpù Yamaha YM3812, tó ń dá orin sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ní 1989, ilé-iṣẹ́ Creative ti Singapore gbé ṣíìpù kan náà sínú Sound Blaster, wọ́n sì fi ọ̀nà kún un fún ohùn tí a ti gbà sílẹ̀, bíi ìró ìbọn. Àwọn méjèèjì yìí ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe géèmù tẹ̀ lé. YMF262, tí a mọ̀ sí OPL3, ló wá rọ́pò ṣíìpù yẹn lẹ́yìn náà. Bí ẹ bá rí nọ́ńbà yìí lára káàdì náà, kí ọkàn yín balẹ̀, nítorí àwọn kan tó jáde lẹ́yìn lo àfarawé tí wọ́n ń pè ní CQM, ìró rẹ̀ sì máa ń dún bí irin létí mi.

Àbùkù kan wà: géèmù tó mọ sítẹ́ríò ti Sound Blaster Pro, káàdì tó ṣáájú 16, bíi Wolfenstein 3D, kì í pín ohùn sí ọ̀tún àti òsì lórí 16. Bí èyí bá dùn yín, ẹ wá káàdì ISA tó ní ṣíìpù ESS ES1868, tó ń ṣe bíi Pro. Èmi tìkára mi fẹ́ràn rẹ̀.

Nínú AUTOEXEC.BAT, fáìlì tí DOS máa ń kà nígbà tí ẹ bá tan kọ̀ǹpútà, ẹ kọ SET BLASTER=A220 I5 D1 H5 T6, kí nọ́ńbà wọ̀nyí sì bá jọ́ńpà, àwọn ìdè kékeré tí a fi ń yan ètò, orí káàdì mu. Mo fi IRQ 5 (I5 yẹn, nọ́ńbà tí káàdì fi ń pe kọ̀ǹpútà) sí i nítorí pé pírńtà ló sábà máa ń lo 7. Bí kò bá sì dún síbẹ̀, ẹ wo ibi tí ẹ ki wáyà sípíkà bọ̀: ọkùnrin kan gbé tirẹ̀ wá sí Lagere níbí ní Ilé-Ifẹ̀, ihò máíkì ló ki í bọ̀ láti ọjọ́ yìí.