Ṣé mo lè gbààwẹ̀ lọ́jọ́ Iléyá, torí mo ṣì jẹ gbèsè ààwẹ̀ Ramadan?

Rárá o, kò sáàyè ẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún ló wà lọ́dún tí Mùsùlùmí ò gbọ́dọ̀ gbààwẹ̀: ọjọ́ Ìtúnu Ààwẹ̀, ìyẹn ọjọ́ kìíní oṣù Shawwal, ọjọ́ Iléyá tó jẹ́ ọjọ́ kẹwàá Dhul-Hijjah, àti ọjọ́ mẹ́ta tó tẹ̀ lé Iléyá, 11, 12 àti 13, torí Ànábì sọ pé ọjọ́ jíjẹ, mímu àti rírántí Ọlọ́run ni wọ́n. Ẹni tó wà ní Háájì tí ò rẹ́ran pa nìkan làwọn àáfà kan gbà láyè pé kó gbààwẹ̀ lọ́jọ́ mẹ́ta yẹn, ìyẹn ò sì kàn ẹ́ tó o bá wà nílé.

Ohun tó máa ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú ni ọjọ́ Arafah, tó jẹ́ ọjọ́ kẹsàn-án, ó ku ọ̀la kí Iléyá dé. Ìyẹn dáa gan-an láti gbààwẹ̀ fẹ́ni tí ò lọ Háájì, kódà ó wà nínú hádíìsì pé ó ń pa ẹ̀ṣẹ̀ ọdún tó kọjá àtèyí tó ń bọ̀ rẹ́.

Ní ti gbèsè ẹ, ọjọ́ tó kù pọ̀ lọ jàra, ṣáà san án tán kí Ramadan míì tó dé, má sì fi falẹ̀ o, torí ọdún òṣùpá fi nǹkan bí ọjọ́ 11 kúrú sí ti oòrùn, kíá ló máa ń yí po.