Báàlù gbéra ní 12 ọ̀sán, ó balẹ̀ ní 6:40 ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn náà: wákàtí mélòó ló lò gan-an?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi là á yé. Lóṣù keje mò ń lọ láti Singapore sí JFK, pápákọ̀ òfurufú kan ní New York, báàlù tí ò ní dúró níbì kankan. Tíkẹ́ẹ̀tì ní a máa gbéra ní 12 ọ̀sán, a máa balẹ̀ ní 6:40 ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn náà. Mo wá wo bó ṣe jìnnà tó, ibì kan ní 15,300, òmíì ní 9,500, òmíì ní 8,300. Èwo ni kí n gbà gbọ́?

Ìdáhùn: Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló tọ̀nà o. Àkọ́kọ́, kìlómítà ni. Èkejì, máìlì orí títì. Ẹ̀kẹta, máìlì tí àwa tá à ń ya ọ̀nà fún báàlù àtàwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi ń lò, ọ̀kan ẹ̀ jẹ́ kìlómítà 1.852.

Wákàtí 6 kọ́ lẹ máa fi jókòó ṣá, ì bá dáa! Lóṣù keje, aago Singapore fi wákàtí 12 ṣáájú ti New York, torí náà tẹ́ ẹ bá balẹ̀ ní 6:40 ìrọ̀lẹ́, 6:40 àárọ̀ ọjọ́ kejì ló lù ní Singapore. Ẹ wá kà á láti 12 ọ̀sán: wákàtí 18 àti ìṣẹ́jú 40. (Tó bá jẹ́ oṣù kejìlá ni, wákàtí 13 ni wọ́n fi ṣáájú, torí New York máa ń dá aago tiwọn padà sẹ́yìn lóṣù kọkànlá, Singapore kì í yí tiẹ̀.)

Ibi tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú nìyí: wọ́n á fi 900 pín 15,300, torí báàlù ńlá máa ń sá tó nǹkan bíi 900 km ní wákàtí kan, wọ́n á rí 17, wọ́n á ní kí ló jẹ èyí tó kù. 15,300 yẹn, ọ̀nà tó kúrú jù ni. Tẹ́ ẹ bá ní glóòbù, ẹ na okùn lé e láti Singapore dé New York kẹ́ ẹ fà á le, ẹ máa rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba òpin àríwá ayé kọjá, kò jọ ìlà tẹ́ ẹ máa fà lórí máàpù rárá. Àmọ́ atẹ́gùn kan wà lókè, bíi kìlómítà 9 sí 12, tó máa ń fẹ́ láti ìwọ̀ oòrùn sí ìlà oòrùn, ìgbà míì ó máa ń ju 200 km lọ ní wákàtí kan, tí báàlù bá ti wọnú ẹ̀ ṣe ló máa ń tì í lẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tá a fi lè gbé e gba orí òkun Pacific, ọ̀nà á ju 16,000 km lọ, síbẹ̀ ó lè tètè dé ju tààrà lọ.

Ẹ wo New York sí London, tá a sábà máa ń fi wákàtí 6 àtààbọ̀ sí 7 rìn. Lóṣù kejì ọdún 2020, ìjì ń jà, báàlù British Airways kan fi wákàtí 4 àti ìṣẹ́jú 56 dé. Ẹni tó ń bọ̀ láti London lọ́jọ́ yẹn, atẹ́gùn yẹn náà ló dojú kọ ọ́.

Nǹkan kan tún kù, wákàtí 18 àti ìṣẹ́jú 40 tá a ṣírò látinú tíkẹ́ẹ̀tì yẹn, látìgbà tí báàlù bá ti kúrò lẹ́nu géètì, ìyẹn ibi tẹ́ ẹ ti wọ̀ ọ́, ni wọ́n ti ń kà á títí táá fi dúró lẹ́nu géètì kejì, ti orí ilẹ̀ wà níbẹ̀, torí náà tí páílọ́ọ̀tì bá ní wákàtí 17 àti ìṣẹ́jú 50 la máa lò lókè, kò purọ́. Ẹni tó bá fẹ́ wá gbé yín, ẹ fún un ní nọ́ńbà báàlù kó máa wò ó lórí fóònù lọ́jọ́ náà, torí wákàtí díẹ̀ ṣáájú kẹ́ ẹ tó gbéra la ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ń mọ ọ̀nà tá a máa gbà.